Ìtọ̀ Pupa Ọmọ Àbúrò Mi

Aago márùn-ún ìdájí ni ìyàwó ọmọ àbúrò mi kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé ike kékeré kan dání. Ìtọ̀ ọkọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ wò ó." Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi ìṣápá tó ki, tí wọn kò tíì bu omi là. Kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú rẹ̀, ìyàwó náà sì ní kò ro ọkọ òun níbi tó ti tọ̀ ọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbẹ̀bí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Benin, àti àwọn abúlé tó yí i ká kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ ni mo ń wò yẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ nínú iṣan ni, tó gba kíndìnrín jáde.

Mo wé gèlè, a jọ rìn lọ sílé wọn lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun òkè. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè, ẹran abẹ́ ìpéǹpéjú tó yẹ kó pupa sì ti funfun. Mo ní, "Kí lo lò?"

Ó ní, "N kò lo nǹkan kan, Ìyá. Fítámì lásán ni."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, "lásán," ló gbé mi dé ìdí ìwé tí mo ń kọ yìí.

Zemidjan, ìyẹn ọ̀kadà akérò, ni ọmọ náà ń gùn. Ní gbogbo àkókò kajú, òun ló ń gbé àpò kajú àti àwọn tó ń rà á láti oko wá sí ìlú, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ rọ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ sì ń gbóná díẹ̀díẹ̀ lálẹ́. Ẹnìkan tó ń ta oògùn lórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà wo ojú rẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló kéré. Ó ta sìró pupa kan fún un, irú èyí tó ń ti Nàìjíríà wọlé, ó sì fi túùbù méjì fítámì C tì í, èyí tí wọ́n ń jù sínú omi tó sì ń hó. Dípò ẹyọ kan lóòjọ́, mẹ́rin, márùn-ún ló ń lò, nítorí pé ó dùn bí ọsàn. Nígbà tí àárẹ̀ náà kò lọ, ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó ń lọ láti ilé dé ilé fa omi sérọ́ọ̀mù sí èèyàn lára. Ọkùnrin náà fọ́ ọ̀pọ̀ ìgò wẹ́wẹ́ fítámì C sínú omi náà, alẹ́ méjì léra wọn. Ìdájí ọjọ́ kẹta ni ìtọ̀ pupa dé.

Àwọn àgbà wa mọ àmì yìí tipẹ́. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ náà sì ti sọ gbogbo rẹ̀ tán: ojú pọ́n, ìtọ̀ pọ́n. Ohun tó wà nínú ara tó so méjèèjì pọ̀ ni ojú wọn kò tó. Bí hóró ẹ̀jẹ̀ pupa bá fọ́, hẹmoglóbíìnì, ohun pupa inú rẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara, á tú jáde. Apá kan á bá ìtọ̀ lọ, ìyókù á di bilirúbíìnì, ohun tó ní àwọ̀ ìyeyè, tó ń kun ẹyinjú. Lóòótọ́, àrùn ẹ̀dọ̀ náà ń pọ́n ojú, ó sì ń mú kí ìtọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n bí ojú àti ìtọ̀ bá pọ́n lójijì, tí èèyàn sì ń mí gúlegúle, tí ẹran inú ojú rẹ̀ funfun, ìfọ́ ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ fura sí, ilé ìwòsàn ló sì kàn lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí a gbé e débẹ̀, hẹmoglóbíìnì rẹ̀ ti wá sí 6. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá a máa ní 13 sókè. Wọ́n fa àpò ẹ̀jẹ̀ méjì sí i lára. Dókítà kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ ìròyìn fítámì náà tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá kọjú sí àbúrò mi, ìyá ọmọ náà. Ó ní, "Màmá, nígbà tí ẹ bí i, ǹjẹ́ ojú rẹ̀ pọ́n?"

Àbúrò mi kò dáhùn. Èmi ló yíjú wò.

Èmi ni mo gbẹ̀bí ọmọ náà, ọdún 26 sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹta tí a bí i, ara rẹ̀ pọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo rántí aṣọ tí wọ́n fi wé e, nítorí pé òórùn káńfọ̀ ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lójú. Láti inú oyún ni àbúrò mi ti kó aṣọ ìkókó pamọ́ sínú àpótí, ó sì kó káńfọ̀ sí i kí aáyán má bàa jẹ ẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ni mo kọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Mo ní kí wọ́n máa gbé ọmọ náà sí oòrùn àárọ̀. Nígbà tó yá ó mọ́ lára rẹ̀, a ṣọpẹ́, a sì gbàgbé. Ara ọmọ náà ti bá wa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ kẹta ayé rẹ̀. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti gbọ́, n kò gbọ́.

Ohun tí kò pé lára rẹ̀ ní orúkọ gígùn, glucose-6-phosphate dehydrogenase. G6PD ni àwọn dókítà ń pè é, ẹ jẹ́ kí àwa náà máa pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńsáímù ni, ìyẹn òṣìṣẹ́ kékeré inú ara tó ń sọ nǹkan kan di òmíràn. Àìpé rẹ̀ kì í ràn. A bí i mọ́ èèyàn ni, bí a ṣe ń bí imú tàbí ìrìn mọ́ni. Èèyàn tó ju 400 mílíọ̀nù lọ ló ní in káàkiri ayé.

Ẹni tó bá dàgbà ní Ṣábẹ̀ẹ́ kí símẹ́ǹtì tó gbòde mọ ilé alámọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á po amọ̀, wọ́n á tún ara ògiri rẹ́. Òjò ń fọ̀ ọ́ lọ, èèyàn ń rẹ́ ẹ padà, ilé sì ń dúró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni hóró ẹ̀jẹ̀ pupa rí. Ọ́síjìn tó ń gbé kiri náà ló ń jẹ ẹ́ lára, bó ṣe ń mú kí ọkọ́ àti àdá dípẹtà. Ohun tó ń rẹ́ ara hóró náà padà ni glutathione, G6PD sì ni alágbàṣe tó ń ru amọ̀ fún ìrẹ́lé yẹn. Àwọn ẹ̀yà ara mìíràn ní ọ̀nà mìíràn tí amọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa kò ní ju ọ̀nà kan yìí lọ. Nínú irú àìpé tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, alágbàṣe náà ń wá síṣẹ́, àmọ́ agbára rẹ̀ tètè ń tán. Òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kò ní wó irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹni náà sì lè lo ọgọ́rin ọdún láyé láìmọ̀ pé nǹkan kan kò pé lára òun. Ìjì ló ń tú u fó: ibà líle, àrùn inú àyà, àwọn oògùn kan, tàbí ohun tí wọ́n fà sí ọmọ àbúrò mi lára. Bí ìjì bá sì jà, ògiri àtijọ́ ló kọ́kọ́ ń wó. Nǹkan bí ọjọ́ 120 ni hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ń lò láyé. Àwọn tó ti gbó ni wọ́n ń fọ́, àwọn tuntun á ṣẹ́ kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ ògiri àtijọ́ yìí, mo máa padà sí i.

Oògùn ibà kan ló tú àṣírí náà fún àwọn onímọ̀. Wọ́n ń lo primaquine ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ àwọn kan, pàápàá àwọn ọkùnrin adúláwọ̀, ń fọ́ bí wọ́n bá lò ó. Ní 1956 ni Paul Carson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé G6PD ni kò pé nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa gan-an ni Ìbàdàn. Ní ilé ìwòsàn UCH níbẹ̀, ní àwọn ọdún 1960, ọmọ Ítálì kan tó ń jẹ́ Lucio Luzzatto ń ṣe ìwádìí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Yorùbá. Òun pẹ̀lú Usanga àti Reddy wo ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tí hóró wọn jẹ́ oríṣi méjì, èyí tí G6PD rẹ̀ pé àti èyí tí kò pé nínú ara kan náà. Wọ́n rí i pé inú hóró tó pé ni kòkòrò ibà ń fi ṣe ilé jù, kò fẹ́ràn èyí tí kò pé. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 1969. Ìdí tí àìpé yìí fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Níbi tí ẹ̀fọn ti ń pa ọmọ láti ìran dé ìran, ohun tó ń dí ibà lọ́wọ́ kò lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Ní Ìbàdàn, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 ló ní in. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lára wa níhìn-ín. Odò Ọ̀kpárá tí àwọn òyìnbó fi ṣe ààlà láàárín àwa àti Nàìjíríà kò pín ẹ̀jẹ̀.

Èkó ni ọ̀rọ̀ káńfọ̀ mi ti rí ẹlẹgbẹ́. Ní 1980, Olowe àti Olikoye Ransome-Kuti, ẹni tó wá di mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà lẹ́yìn náà, kọ ìwé nípa àwọn ìkókó tí G6PD wọn kò pé, tí wọ́n ń fi ohun tó ní menthol kùn wọ́n. Àtíkè àti ìpara tó ń ta ara yẹ́ẹ́ ló ní in. Ewu ibà pọ́njú ń pọ̀ sí i lára àwọn ọmọ náà. Bí ibà pọ́njú bá sì le lára ìkókó, ohun tó ń pọ́n ojú náà á wọ ọpọlọ, ọmọ á di adití tàbí ẹni tí kò lè di ara rẹ̀ mú, bí kò bá kú. Mo ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Káńfọ̀ burú ju menthol lọ. Làálì tí wọ́n ń lé sí ọmọ lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ ìnáwó náà ti fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí G6PD wọn kò pé, awọ ara ló gbà wọlé. Ohun tí a kò gbé mì rárá lè wọ ẹ̀jẹ̀.

Báwo wá ni fítámì C ṣe di ìjì? Ìbéèrè tí mo bi dókítà nìyẹn, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ni pé fítámì C ló ń gbógun ti ìpẹtà inú ara. Ó ní òótọ́ ni, bí ó bá mọ níwọ̀n. Ọsàn, ìbẹ́pẹ, ata, èso oṣè, kò sí èyí tó ń pa ẹni tí G6PD rẹ̀ kò pé lára. Ẹ̀wà wa náà kò ṣe nǹkan kan, ẹ̀wà òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní fève, tí wọ́n ń jẹ lápá Òkun Mẹditaréníà, ni wọ́n ń bẹ̀rù. Nǹkan bí mílígíráàmù 100 fítámì C ni àgbàlagbà nílò lóòjọ́. Mílígíráàmù 1000 ló wà nínú ẹyọ kan tí ọmọ àbúrò mi ń jù sínú omi, ó sì ń lo márùn-ún. Síbẹ̀, ìfun ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bí ó bá ti pọ̀ jù, kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọlé. Iṣan kò ní ẹ̀ṣọ́. Gbogbo ohun tí ọkùnrin sérọ́ọ̀mù fọ́ sínú omi ló wọnú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí fítámì C bá sì kún inú ara tó bẹ́ẹ̀, ìwà rẹ̀ á yí padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í bí hydrogen peroxide, omi kan náà tó máa ń hó yọ̀ọ̀ bí nọ́ọ̀sì bá dà á sójú egbò. Ẹ fojú inú wo omi yẹn nínú ilé alámọ̀ tí kò ní alágbàṣe.

Kì í ṣe àbá. Ní 1975, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn ọkùnrin ẹni ọdún 68 kan tí iná jó lọ́wọ́. Wọ́n fa gíráàmù 80 fítámì C sí i níṣan lọ́jọ́ kìíní, wọ́n tún fa gíráàmù 80 sí i lọ́jọ́ kejì. G6PD rẹ̀ kò pé, ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀. Ó kú. Ní 1993, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìròyìn mìíràn jáde nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fọ́ nígbà tó ń fa fítámì C púpọ̀ sí ara rẹ̀ nítorí àìsàn mìíràn. Àwọn méjèèjì lo ju ọmọ àbúrò mi lọ fíìfíì, dókítà sì sọ òótọ́ fún wa pé ibà tó kọ́kọ́ mú un náà lè wà nídìí ọ̀rọ̀, nítorí pé àrùn fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí G6PD wọn kò pé jù. Mo gbà. Àmọ́ ẹni tí iná ń jó lára ni wọ́n tún bu epo lé, tí wọ́n sì gba owó epo náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkìlọ̀ wà o. Nínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń ká sínú páálí fítámì C oníwọ̀n ńlá tí wọ́n ṣe ní Faransé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ó bá pọ̀ jù, ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí G6PD rẹ̀ kò pé. Ìkìlọ̀ mìíràn tún wà lára ọ̀pọ̀ irú oògùn tó ń hó bẹ́ẹ̀, pé ó ní phénylalanine nínú. Àwọn tí a bí àrùn phénylcétonurie mọ́ ni wọ́n kọ ìyẹn fún. Ara tiwọn kò lè da phénylalanine, ohun adùn tí wọ́n fi sínú oògùn náà sì ń di phénylalanine nínú ara. Àrùn yẹn ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ àwa adúláwọ̀. Mo mẹ́nu kàn án kí ẹ lè rí i pé àwọn tó ń ṣe fítámì fúnra wọn mọ̀ pé ara èèyàn kò rí bákan náà. Ṣùgbọ́n lórí tábìlì ẹ̀bá ọ̀nà, ẹyọ-ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ìwé pẹlẹbẹ náà ti bá ẹ̀gbin lọ kí oògùn tó dé Ṣábẹ̀ẹ́. Bí ó bá sì wà níbẹ̀, Faransé ni, lẹ́tà rẹ̀ kò tóbi ju èèrà lọ.

Sìró pupa ló kù. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ti fítámì lọ, nítorí pé àwọn ọmọdé ló ń jìyà rẹ̀. Àwa gbà gbọ́ pé ohun pupa ń mú ẹ̀jẹ̀ wá. Nítorí náà ni a fi ń mu omi pòròpòrò ọkà bàbá, èyí tí àwọn Fúlàní fi ń pọ́n wàrà, tí a sì ń fi tòmátò inú agolo po mílíìkì. N kò bá pòròpòrò jà. Irin tó wà nínú sìró inú ìgò ni mo fẹ́ sọ. Irin ṣe pàtàkì fún ẹni tí irin rẹ̀ kéré. Aboyún tí wọ́n fún ní hóró oògùn irin níbi tí wọ́n ti ń yẹ oyún wò, kó máa lò ó, kó má ṣe torí ọ̀rọ̀ mi jù ú nù. Mo ti rí ìyá tó bí tán tí kò ní ẹ̀jẹ̀ tó lè fi la ìsun ẹ̀jẹ̀ já.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí wọ́n ń pè ní drépanocytose níhìn-ín, ohun àjogúnbá ni tirẹ̀ náà, àìtó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sábà jẹ́ àìtó irin. Hóró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń tètè kú, irin inú wọn sì ń kù sínú ara. Lóòjọ́, mílígíráàmù 1 tàbí 2 irin péré ni ara ń gbà láti inú oúnjẹ, nítorí pé kò ní ọ̀nà tó lè gbà lé èyí tó bá ṣẹ́ kù jáde. Àpò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé nǹkan bí mílígíráàmù 200 wọlé. Ọmọ tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí ìyá àgbà tún ń bu ṣíbí sìró irin fún ní àárọ̀ àti alẹ́, irin náà ń kó jọ síbì kan ni: inú ẹ̀dọ̀, inú ọkàn. Ìdọ̀tí ni níbẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ẹ̀dọ̀ ń le, ọkàn ń rẹ̀. Mo mọ ìyá àgbà kan ládùúgbò wa tó ń fi owó gaàrí ra sìró náà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, kò fi ọjọ́ kan yẹ̀ ẹ́. Ìfẹ́ ni. Nígbà tí mo sọ fún un pé kó dáwọ́ dúró, ó sunkún, ó ní kí ni kí òun wá máa fún ọmọ náà.

Ìdáhùn wà. Asíìdì fólíìkì ni, hóró oògùn kékeré tí kò wọ́n. Ara tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun ní kánkán ń ná an tán, kò sì ní irin nínú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Chérif Rahimy, dókítà ọmọdé tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú àwọn ọmọ alárùn fòníkú-fọ̀ladìde ní Kutọnu, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2003 nípa iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ fún òbí, ìdènà ibà, abẹ́rẹ́ àjẹsára, oúnjẹ tó dára àti títètè tọ́jú ibà ni wọ́n fi ń mú ọmọ yè. Mo ka iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ọmọ Benin gbọ́dọ̀ fi yangàn. Kò sí sìró pupa nínú rẹ̀. Bí irin ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kéré lóòótọ́, nítorí ó ń ṣẹlẹ̀, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ferritine ni yóò sọ. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n lórí tábìlì oògùn.

Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìjọba kó oògùn ẹ̀bá ọ̀nà kúrò ní Adjégounlè, ní ọjà Dantokpa ní Kutọnu, ibi tí gbogbo wa mọ̀ sí orísun rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n fítámì kò jọ oògùn lójú àwọn èèyàn, nítorí náà ni kì í fi í bà wọ́n lẹ́rù, olùtà àti olùrà. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fa oògùn tí kò mọ̀ sí ọ lára, wàá béèrè. Bí ó bá ní fítámì ni, wàá na apá. Láti ọjọ́ tí mo ti rí ike ìtọ̀ yẹn, mo ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́: ohun tó lágbára tó láti ṣe ara lóore lágbára tó láti ṣe é níkà. Kò sí èyí tó jẹ́ lásán nínú wọn.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ fara balẹ̀ ka ibí, nítorí mo mọ ohun tí àwọn ará ilé ọkọ lè fi ṣe. Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún àìpé G6PD. Orí X, ọ̀kan nínú àwọn okùn àjogúnbá inú ara, ló wà. Obìnrin ní X méjì, ọkùnrin ní ẹyọ kan, ìyá rẹ̀ ló sì fún un. Bí ti ẹyọ kan yẹn kò bá pé, kò ní òmíràn tó máa dípò rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń hàn lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ṣùgbọ́n ìyá náà gbà á lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá tirẹ̀ ni, àwọn náà gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá tí ibà kò rí pa. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe èpè, kì í ṣe àjẹ́. Nígbà tí ẹnìkan láti ìdílé bàbá ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo àbúrò mi ní ìwòkuwò ní ọsibítù, mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún yín yìí.

Mo ní mo máa padà sí ọ̀rọ̀ ògiri àtijọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n dá ọmọ náà sílẹ̀. A fẹ́ kí wọ́n yẹ G6PD rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an, dókítà kọ̀. Ó ní hóró àtijọ́ ti fọ́ tán, àwọn tuntun tí G6PD wọn ṣì gbámúṣé ló kù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ṣì wà lára rẹ̀. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò báyìí, ìwé lè sọ pé ó pé, ká sì fi ọkàn balẹ̀ lórí irọ́. Ó ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mo mọ bó ṣe rọrùn tó láti gbàgbé nígbà tí ara bá ti yá, mo ti gbàgbé rí, nítorí náà mo fi ẹfun kọ ọjọ́ náà sára ìlẹ̀kùn yàrá mi. Nígbà tó pé, èmi fúnra mi ló tẹ̀lé e lọ. Ìwé náà dé: kò pé.

Ó ti padà sórí ọ̀kadà rẹ̀. Kò lo oògùn ìyanu kankan. Kò sí oògùn tó ń wo àìpé náà sàn, kò sì nílò rẹ̀. Ó ní káàdì kan nínú àpò rẹ̀ tí wọ́n kọ "déficit en G6PD" sí. Bí ibà bá mú un, ó ń fi í han dókítà kó tó sọ ibi tó ń dùn ún. Ó fún mi ní túùbù fítámì kejì, èyí tí kò tíì ṣí. Ó wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ó ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́ta. X kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ ní ló fún un, nítorí náà ọmọ náà gbé e dání, ó sì lè fún àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. A ti kọ ọ́ sínú ìwé ìlera rẹ̀. Kò sí káńfọ̀ nínú àpótí aṣọ wọn mọ́, wọn kò sì lé làálì sí i lọ́dún Iléyá tó kọjá.

Bí ojú ọmọ yín bá pọ́n rí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ayé rẹ̀, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n rí lẹ́yìn oògùn kan, yálà ó ti di ọmọ ọdún méjì tàbí ó ti di bàbá ọmọ, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún dókítà, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ G6PD rẹ̀ wò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa omi fítámì sí i lára títí èsì yóò fi dé.